Àwọn Mẹ́rin tí Wọ́n Gbé Ọ̀rẹ́ Wọn

Ìhìn Rere Márkù Mímọ́, orí 2, ẹsẹ 1 dé 12



Nínú Ìhìn Rere tí Márkù Mímọ́ kọ, a kà nípa ọkùnrin kan ní ìlú Kápánáúmù, ẹni tí àrùn ẹ̀gbà ti dè mọ́ orí ẹní, tí kò lè dá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé. Olúwa wa Jésù Krístì wà nínú ilé kan ní ìlú náà, ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ẹ̀kọ́, èrò sì kún inú ilé àti ẹnu ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí àyè láti kọjá. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé aláìsàn yìí dé. Nígbà tí wọn kò rí ọ̀nà wọlé, wọn kò sọ fún un pé kí wọ́n padà wá ní ọjọ́ mìíràn. Wọ́n gun orí òrùlé lọ, wọ́n dá a lu, wọ́n sì sọ ẹní náà kalẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí ó wà lórí rẹ̀, títí ó fi dé iwájú Olúwa.

Ní ilẹ̀ àwọn Júù nígbà náà, òrùlé kò rí bí ti àwa tí a ń fi páànù bo ilé. Igi ni wọ́n ń tẹ́ sókè, wọn a to ẹ̀ka igi àti koríko lé e, wọn a sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Òrùlé náà a tẹ́ pẹrẹsẹ, ènìyàn a sì lè rìn lórí rẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ agbára ni àwọn mẹ́rin yìí ṣe lórí ilé onílé. Wọ́n gbẹ́ amọ̀, wọ́n fa igi tu, eruku sì bọ́ sórí àwọn akọ̀wé òfin tí wọ́n jókòó nísàlẹ̀. A kò kà á níbì kankan pé Olúwa bínú nítorí eruku náà.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun mẹ́ta. Èkíní, Márkù Mímọ́ kò dárúkọ àwọn mẹ́rin náà fún wa. Èkejì, kò kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n fi ẹnu wọn sọ. Ẹ̀kẹta, ó sọ pé nígbà tí Jésù rí ìgbàgbọ́ wọn, ni ó tó bá aláìsàn náà sọ̀rọ̀. Ìgbàgbọ́ àwọn tí wọ́n gbé e wá ni Olúwa rí, kì í ṣe ti ẹni tí ó dùbúlẹ̀ nìkan. Ìgbàgbọ́ wọn ṣeé fi ojú rí: ó wà ní èjìká tí ó ti bó, ó wà ní òógùn iwájú orí, ó wà ní ọwọ́ tí amọ̀ ti bò. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí nìyí: bí ọ̀rẹ́ wa bá ń ṣàìsàn ńlá, Ọlọ́run kò pè wá láti túmọ̀ àìsàn náà, gbígbé ni ó ní kí a gbé e.

Ta ni nínú wa tí kò ní ẹni tí ó dùbúlẹ̀? Ọ̀kan ń bá àrùn jẹjẹrẹ jà. Kíndìnrín ẹlòmíràn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ti gba apá àti ẹsẹ̀ ẹnìkan. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sì ń da ọmọ ẹlòmíràn láàmú láti kékeré. A sì mọ bí ó ti máa ń rí. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, àga kì í tó fún àlejò. Bùrẹ́dì àti ọsàn a kún orí tábìlì. Ní oṣù kẹta, àwọn tí ń wá a ti dín kù. Ní oṣù kẹfà, aya nìkan ni ó kù, tàbí ọmọbìnrin kan tí ó ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbà wa sọ pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àìsàn tí ó pẹ́ ni ó sì máa ń fi òtítọ́ òwe yìí hàn ju ohun gbogbo lọ.

Kì í ṣe pé ènìyàn burú ní gbogbo ìgbà. Ó rẹ̀ wọ́n ni. Ẹ̀rù ń bà wọ́n láti rí ẹni tí wọ́n mọ̀ ní alágbára bí ó ti rù kan eegun. Wọn kò mọ ohun tí wọn yóò sọ. Nígbà tí ó bá sì ti pẹ́ tí wọ́n ti yọjú mọ, ojú a máa tì wọ́n láti padà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ronú sí i: igun mẹ́rin ni ẹní ní. Bí ẹnìkan bá fi igun tirẹ̀ sílẹ̀, ẹní yóò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ yóò sì ṣubú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn igun náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù lè mọ èyí tí ọwọ́ rẹ̀ yóò bà.

Igun kìn-ín-ní: ẹsẹ̀ tí ó lọ, tí ó sì dúró

Ìbẹ̀wò sí aláìsàn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ àánú tí Ìjọ Mímọ́ fi kọ́ wa láti ìgbà tí a ti wà ní kíláàsì katikísíìmù. Olúwa wa tìkára rẹ̀ fi hàn wá, nínú Ìhìn Rere Mátíù orí 25, pé ní ọjọ́ ìdájọ́ òun yóò ka ìbẹ̀wò yìí sí ohun tí a ṣe fún òun gan-an. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé a óò bi wá bóyá a wo aláìsàn náà sàn. Ohun tí yóò bi wá ni bóyá a lọ.

Ẹ lọ, nítorí náà. Ẹ sì tún padà lọ. Ó sàn kí ènìyàn máa yọjú fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọ̀ọ̀kan fún ọdún kan, ju kí ó lo odidi ọjọ́ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó má sì padà mọ́. Aláìsàn tí ó mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun yóò dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní ohun tí ó ń retí láti ọjọ́ Ajé. Bí ó bá ti pẹ́ tí ẹ ti lọ mọ, ẹ má ṣe wá àwáwí. Ẹ kan ilẹ̀kùn. Inú ẹni tí ó wà lórí ibùsùn yóò dùn láti rí yín ju bí yóò ti bínú lọ.

Nígbà tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ jókòó. Ẹ má ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè níta. Bí ó bá fẹ́ sùn, ẹ jẹ́ kí ó sùn. Bí ó bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn ìlú, ẹ ròyìn fún un. Nítorí àìsàn kò sọ ènìyàn di ẹni tí kò tún fẹ́ rẹ́rìn-ín mọ́.

Igun kejì: ẹnu tí a kó ní ìjánu

Ẹ rántí Jóòbù. Nígbà tí ìyọnu dé bá a, tí eéwo bo ara rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, Élífásì, Bílídádì àti Sófárì, gbéra láti ìlú wọn wá bẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n sọkún, wọ́n jókòó tì í lórí ilẹ̀ fún ọjọ́ méje, tọ̀sán tòru, láìsọ ọ̀rọ̀ kankan, nítorí wọ́n rí i pé ìrora rẹ̀ pọ̀. Àwọn ọjọ́ méje náà ni ohun tí ó dára jù tí wọ́n ṣe. Nígbà tí wọ́n la ẹnu ni gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí. Wọ́n ní kò lè ṣe kí Jóòbù má ní ẹ̀ṣẹ̀ kan ní ìkọ̀kọ̀, nítorí Ọlọ́run kì í dédé fi ìyà jẹ ènìyàn. Ní ìparí ìwé náà, Ọlọ́run bínú sí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta yìí. Ó ní kí wọ́n mú akọ màlúù méje àti àgbò méje lọ fi rúbọ, kí Jóòbù sì gbàdúrà fún wọn. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti yí padà: ẹni tí wọ́n rò pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni ó mú un dùbúlẹ̀ ni ó wá di alágbàwí fún àwọn tí ara wọn le.

Ọmọ ìyá àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù pọ̀ láàárín wa. Wọn a wọlé tọ aláìsàn, wọn a mi orí, wọn a sì sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ojú lásán. Wọn a bi í pé ta ni ó bá jà, ta ni ó ń jowú rẹ̀ ní ibi iṣẹ́, kí ni ó ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti ìyàwó bàbá rẹ̀. Kí wọ́n tó kúrò, wọ́n ti gbin ìfura sí ilé tí àlàáfíà wà tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíràn a ní irú àìsàn yìí gan-an ni ó pa ẹ̀gbọ́n òun. Ẹlòmíràn, tí ó rò pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni òun ń sọ, a ní bí ó bá jẹ́ pé ó ní ìgbàgbọ́ tó ni, ara rẹ̀ ì bá ti yá. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò; ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ẹ má ṣe ta ọfà lu ẹni tí ó ti fara gbọgbẹ́.

Nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rí ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi Olúwa: ẹ̀ṣẹ̀ ta ni, ti ọkùnrin náà ni tàbí ti àwọn òbí rẹ̀? Olúwa dáhùn pé kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó po amọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún wa.

Kí ni kí a wá sọ? Ìwọ̀nba díẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹ wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ikú, ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́ pé kò ní kú. Ẹ gbọ́ ọ. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni ó lè bá sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ sọkún. Ohun tí ó bá sì sọ, kí ó parí sọ́dọ̀ yín. Ẹ má ṣe gbé orúkọ àìsàn rẹ̀ kiri ìlú. Ẹ má ṣe ya àwòrán rẹ̀ lórí ibùsùn kí ẹ sì fi ránṣẹ́ lórí fóònù sí ẹni tí kò rán yín níṣẹ́, kódà bí ẹ bá pè é ní ìbéèrè fún àdúrà. Ọlá ènìyàn kò dín kù nítorí pé ó ń ṣàìsàn.

Igun kẹta: ọwọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́

Àwa Yorùbá ní ìkíni fún ohun gbogbo tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn, ìkíni náà sì dára. Ṣùgbọ́n ìkíni nìkan kì í gbé ẹní. Jákọ́bù Mímọ́ bá àwọn tí wọ́n ń fi ẹnu lásán ṣoore wí nínú ìwé rẹ̀, ó sì fi hàn pé ìgbàgbọ́ tí kò ní iṣẹ́ ti kú.

Ẹ wo Ẹni Mímọ́ Camillus de Lellis, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tí a bí ní ọdún 1550. Ọmọ ogun ni, ó sì jẹ́ ẹni tí tẹ́tẹ́ ti sọ di aláìní. Ọgbẹ́ kan wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò jinná títí ó fi kú ní ọdún 1614. Ọgbẹ́ yìí ni ó gbé e dé ilé ìwòsàn ní Róòmù, ibẹ̀ ni ó sì ti rí i bí àwọn òṣìṣẹ́ tí a ń sanwó fún ti ń pa aláìsàn tì. Ó kó àwọn ọkùnrin jọ, ó dá ẹgbẹ́ ìsìn sílẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti tọ́jú aláìsàn, ó sì kọ́ wọn pé kí wọ́n máa ṣe é bí ìyá ti ń tọ́jú ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí. Ìjọ Mímọ́ kà á mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́ ní ọdún 1746. Póòpù Leo Kẹtàlá sì fi í ṣe alábòójútó àwọn aláìsàn àti àwọn ilé ìwòsàn ní ọdún 1886. Ní ilẹ̀ wa náà, Fàdá Coquard ti ẹgbẹ́ SMA dá ilé ìwòsàn Ọkàn Mímọ́ sílẹ̀ ní Lántòrò, ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1895. Láti ìgbà náà, ìwàásù àti ìtọ́jú egbò ti jọ ń rìn pọ̀ láàárín àwa ọmọ Ìjọ Àgùdà.

Ìwé Ọgbọ́n Síráкì, ní orí 38, kọ́ wa pé kí a bọ̀wọ̀ fún oníṣègùn, nítorí Olúwa ni ó dá a, Olúwa kan náà ni ó sì mú oògùn jáde láti inú ilẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ tòótọ́ kì í sọ fún aláìsàn pé kí ó da oògùn rẹ̀ nù nítorí àdúrà. Kì í gbé e kúrò lọ́dọ̀ dókítà lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń ta omi àti òróró ní iye owó gọbọi. Àdúrà àti oògùn kì í bá ara wọn jà. Ọ̀dọ̀ Ẹnìkan náà ni àwọn méjèèjì ti wá.

Iṣẹ́ wo ni ọwọ́ wa lè ṣe? Ẹ jẹ́ kí a dárúkọ díẹ̀. Aláìsàn kíndìnrín tí ó ń lo ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń nílò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, nǹkan bí wákàtí mẹ́rin nígbà kọ̀ọ̀kan. Ta ni yóò gbé e lọ? Ta ni yóò jókòó tì í? Ta ni yóò gbé e padà? Ẹni tí kò ní owó lè ní wákàtí mẹ́rin. Ilé ìwòsàn a sì máa bèèrè ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí aláìsàn. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tí àwọn oníṣègùn sì ti yẹ̀ wò, lè fi nǹkan bí ìdajì lítà ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin lè tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, obìnrin lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Àwa tí a ń gba Ẹ̀jẹ̀ Olúwa nínú Mísà Mímọ́, ó yẹ kí ó rọrùn fún wa láti yọ̀ǹda díẹ̀ nínú tiwa.

Àwọn iṣẹ́ kéékèèké náà wà pẹ̀lú: kí a fọ aṣọ, kí a pọn omi, kí a mú àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé, kí a gba ìwé oògùn lọ sí ilé ìtajà oògùn, kí a sùn ní ilé ìwòsàn ní alẹ́ ọjọ́ kan kí aya aláìsàn lè rí oorun sùn nílé. Ẹ má ṣe gbàgbé ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn. Òun náà wà lórí ẹní, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Bí ẹ bá sọ fún un pé kí ó pè yín bí ó bá nílò ohunkóhun, kò ní pè yín, nítorí ojú yóò tì í. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin ni ẹ óò gbé oúnjẹ alẹ́ wá ní ọjọ́bọ̀, kí ẹ sì gbé e wá.

Igun kẹrin: orúnkún tí ó kúnlẹ̀

Àwọn mẹ́rin náà kò kàn gbé ọ̀rẹ́ wọn kiri ìgboro. Ọ̀dọ̀ Jésù ni wọ́n gbé e lọ. Ọ̀rẹ́ tí ó bá ṣe ohun gbogbo yòókù, tí kò sì mú aláìsàn dé iwájú Olúwa, ti fi igun kan sílẹ̀.

Níbí ni ẹ̀rù kan ti ń ba ọ̀pọ̀ nínú wa. A gbà pé bí Fàdá bá ti wọ ilé aláìsàn, ikú ti wọlé nìyẹn. Nítorí náà, a kì í ránṣẹ́ sí i títí aláìsàn kò fi ní lè sọ̀rọ̀ mọ́, tí kò ní lè jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, tí kò sì ní lè gba Ara Olúwa mì. Àṣìṣe ńlá ni èyí. Ní ọdún 1963, Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ Vátíkánì Kejì kọ́ wa pé Òróró Mímọ́ yìí kì í ṣe ti àwọn tí ẹ̀mí wọn fẹ́ bọ́ nìkan. Kí a máa pè é ní Òróró ti Aláìsàn ni ó yẹ jù, nítorí àkókò rẹ̀ ti tó nígbà tí àìsàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀mí ènìyàn sínú ewu. Póòpù Paul Kẹfà sì tún ìlànà rẹ̀ ṣe ní ọdún 1972. Àlùfáà a gbé ọwọ́ lé aláìsàn lórí, a fi òróró tí a ti bùkún sí i ní iwájú orí àti ní ọwọ́, a sì gbàdúrà kí Olúwa gbé e dìde. Bí ara rẹ̀ bá yá, tí àìsàn sì tún dé, a lè tún fi fún un. Àrùn ni à á wò, a kì í wo ikú: àwọn bàbá wa ti mọ̀ pé ìtọ́jú ní àkókò tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtọ́jú ọkàn. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ ni ẹ lè fi pẹ̀lẹ́tù sọ èyí fún aláìsàn àti fún ẹbí rẹ̀, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí Fàdá ní kíákíá.

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé òfin Ìjọ ṣe ojú àánú fún aláìsàn nípa ààwẹ̀ wákàtí kan tí a ń gbà kí a tó gba Kómúníọ̀nù Mímọ́. Òfin náà kò dè é, kò sì de àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀. Aya tí ó fún ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀kọ mu, tí òun náà sì mu díẹ̀, lè gba Olúwa pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ nígbà tí Fàdá bá dé.

Ẹ gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó mọ níwọ̀n. Ẹ̀wádún kan nínú Rósárì tí a fi ohùn jẹ́jẹ́ kà tó fún ẹni tí ara ń ro. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdọọdún, tí í ṣe ọjọ́ Ìyá wa ti Lourdes, ni Ìjọ ń ṣe Ọjọ́ Àwọn Aláìsàn Lágbàáyé, èyí tí Póòpù John Paul Kejì dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, tí a sì kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1993. Bernadette, ọmọbìnrin tí Màríà Wúńdíá fara hàn ní Lourdes ní ọdún 1858, kò bọ́ lọ́wọ́ àìsàn ní ayé rẹ̀. Ọmọ ọdún 35 ni nígbà tí ó kú ní ọdún 1879. Síbẹ̀, Ẹni Mímọ́ ni.

Bí ìwòsàn kò bá dé

Èyí mú wa dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù. Nígbà mìíràn, a gbé e, a gbàdúrà, a fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, a fi owó sílẹ̀, àìsàn kò sì lọ. Ṣé ìgbàgbọ́ wa kò tó ni? Rárá. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó mú ẹ̀gún kan kúrò ní ara rẹ̀. A kò mú un kúrò. Oore-ọ̀fẹ́ ni a fún un láti fara dà á. Àwọn ará Bẹ́tánì ránṣẹ́ sí Olúwa pé Lásárù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Kí ó tó dé, Lásárù ti wà nínú ibojì fún ọjọ́ mẹ́rin. Olúwa mọ̀ pé òun yóò jí i dìde, síbẹ̀ ó sọkún. Bí Ọmọ Ọlọ́run bá lè sọkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún wa pé omijé jẹ́ àìnígbàgbọ́.

Olúwa kan náà ti wà ní ipò ẹni tí ń wá ọ̀rẹ́. Ní Gẹ́tsémánì, nígbà tí ìbànújẹ́ mú un dé ojú ikú, ó mú Pétérù, Jákọ́bù àti Jòhánù lọ́wọ́. Kò ní kí wọ́n gba òun sílẹ̀. Kí wọ́n kàn bá òun ṣọ́nà ni ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì sùn lọ. Nígbà tí ẹ bá jókòó ti ọ̀rẹ́ yín lóru ní ilé ìwòsàn, tí ẹ kò rí ohun kan ṣe mọ́, ẹ mọ̀ dájú pé àyè àwọn mẹ́ta tí wọ́n sùn náà ni ẹ ń dí. Lẹ́sẹ̀ Àgbélébùú, Màríà kò rí ìṣó kan yọ kúrò lára Ọmọ rẹ̀. Ó dúró níbẹ̀.

Bí wákàtí ìkẹyìn bá sì dé, ẹ rí i dájú pé ó gba Ara Olúwa, oúnjẹ ìrìn-àjò rẹ̀. Lẹ́yìn ikú, ẹ má ṣe fi igun yín sílẹ̀. Ẹ ṣètò Mísà fún ìsinmi ọkàn rẹ̀, ẹ sì máa bèèrè opó àti àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí àwọn ará òkèèrè bá ti padà lọ sílé. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ sọ, bí ó tilẹ̀ korò: ohun ìtìjú ni kí ọ̀rẹ́ wa máa ṣàìní owó oògùn nígbà ayé rẹ̀, kí a sì pa màlúù, kí a ra aṣọ ẹbí, kí a pe onílù ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀. Owó tí a ní fún òkú, ẹ jẹ́ kí a ná an fún alààyè.

Ẹ̀yin tí ẹ dùbúlẹ̀

Ẹ̀yin ará wa tí wọ́n gbé ìwé yìí wá bá ní orí ibùsùn, ẹ má ṣe rò pé ẹrù ni ẹ jẹ́. Arọ Kápánáúmù gbà kí a gbé òun. Bí ó bá kọ̀ ni, àwọn mẹ́rin náà kì bá tí dé ọ̀dọ̀ Jésù ní ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ìrora yín, bí ẹ bá pa á pọ̀ mọ́ ti Krístì, ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún ìgbàlà ayé; èyí ni Póòpù John Paul Kejì kọ́ wa nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjìyà ní ọdún 1984. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ fi ọjọ́ yìí fún Olúwa, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ fún àwa tí a ń rìn. Ẹ rántí pé Jóòbù ni ó gbàdúrà fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, kí ẹ tó kúrò nílé ìjọsìn lónìí, ẹ dárúkọ ẹnìkan nínú ọkàn yín tí ó ń ṣàìsàn. Ẹ yan igun kan. Ẹ má ṣe yan mẹ́rin, nítorí ẹnìkan kì í dá gbé ẹní. Ẹ wá ẹni mẹ́ta mìíràn nínú ìjọ yìí tí yóò mú igun yòókù. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí ọwọ́ yín ti ba ẹní náà.

Olúwa Jésù Krístì, ìwọ tí ó rí ìgbàgbọ́ àwọn ọkùnrin mẹ́rin ní Kápánáúmù, bojú wo àwọn aláìsàn inú ìjọ wa. Fún wọn ní ìwòsàn bí ó bá jẹ́ ìfẹ́ rẹ, fún wọn ní sùúrù ní ọjọ́ ìrora, má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn dá wà. Fún àwọn tí ń tọ́jú wọn ní okun. Fún àwa ọ̀rẹ́ wọn ní ẹsẹ̀ tí kì í rẹ̀, ẹnu tí ó ní ìjánu, ọwọ́ tí ó lawọ́, àti orúnkún tí ó mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ rẹ. Màríà Mímọ́, Ìlera àwọn aláìsàn, gbàdúrà fún wa. Ẹni Mímọ́ Camillus, gbàdúrà fún wa. Àmín.